Eyín Mẹ́tàlélógójì sí Mẹ́wàá

Àwọn tó mọ̀ mí ní Sabon Gari, Zaria, mọ̀ pé àgbàdo ni mò ń tà. Wọ́n sì mọ̀ pé mo ní ọkọ̀ Hilux oní-díísù kan tó ń fa ẹ̀rọ tí ń yín àgbàdo káàkiri abúlé nígbà ìkórè. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìdí tí mo fi pààrọ̀ díífù ọkọ̀ náà. Wọ́n ti bi mí, mo sì ti dá wọn lóhùn pé nítorí òkè Jos ni. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ẹnìkan bá dìde láti jẹ́rìí, wọ́n á ní kó ṣe é ní ṣókí. Èyí kò lè ṣe ṣókí, nítorí náà n kò sọ ọ́ níbẹ̀.

Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Zaria. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Láti ìparí October títí wọ January, eruku kì í kúrò lára aṣọ mi, torí ìgbà yẹn ni àwọn àgbẹ̀ Giwa, Pambegua àti Saminaka ń kó àgbàdo wálé, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn yín in. Àgbàdo agbègbè wa kì í ṣe kékeré. Samaru níbí ni Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà, òun ló ń mú irúgbìn tí wọ́n ń pè ní SAMMAZ jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn. Àgbàdo tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kò lè yín in tán kí ọyẹ́ tó parí.

Wẹ́dà ló jó ẹ̀rọ tèmi pọ̀. Férémù onírin ni, táyà ọkọ̀ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì díísù onípísítìnì kan jókòó sórí rẹ̀, irin gígùn kan yọ síwájú tí a ń fi so ó mọ́ ìdí Hilux. Ẹ kíyè sí ohun tí n kò dárúkọ: kò ní bùrékì. Kò sí èyí tó ní in nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí mo ti rí ní gbogbo àyíká wa. Ọkọ̀ tó ń fà á ni yóò máa bá a dúró.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ọkọ̀ á jáde láàárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo, ẹ̀rọ á máa tẹ̀ lé e. Wọ́n á yín àgbàdo títí ọ̀sán. Àgbàdo náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń san owó iṣẹ́, nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, àpò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún kìlò lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan, ẹ̀rọ náà á sì tún wà ní ìdí. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ padà wá sílé. A máa gba Jengre gun òkè lọ sí Jos, níbi tí mo ti ní àwọn oníbàárà tó ń fi àgbàdo ṣe oúnjẹ adìyẹ. Zaria ga tó nǹkan bíi mítà 650 sí orí òkun, Jos wà ní nǹkan bíi 1,200. Gbogbo àárín yẹn, ẹ́ńjìnnì ni yóò gùn ún.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò nínú iyanrìn oko pẹ̀lú ẹrù, kúlọ́ọ̀ṣì á máa rùn. Lórí òkè, gíà kejì ni wọ́n á fi máa gùn, tọ́bò á máa pariwo, ọkọ̀ kò ní lọ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kwangila. Bàbá Haúsá ni, àgbàlagbà. Hajiya ló máa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dáadáa pé ọjọ́ Sunday ni mò ń lọ jọ́sìn. Ó ní obìnrin tó bá ń sanwó iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, Hajiya ni.

Kò tú nǹkan kan. Ó fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, ó jẹ́ kí èkejì dúró lórí ilẹ̀, ó yọ gíà sí fírì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà, ó sàmì sára ṣáàfù. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yí táyà náà lẹ́ẹ̀mejì géérégé, òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń ka ṣáàfù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní nítorí pé táyà kejì dúró: díífù máa ń pín yíyí náà láàárín àwọn méjèèjì, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ti ọ̀kan ni ẹ̀ẹ̀kan ti méjèèjì. Ṣáàfù yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lé díẹ̀ ju ààbọ̀ lọ. Bàbá nu ọwọ́, ó ní, “Mẹ́tàlélógójì sí méjìlá.”

Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Inú díífù, gíà méjì ló ń jẹ ara wọn lẹ́yín. Kékeré, tí wọ́n ń pè ní píníọ̀nù, ló gba agbára lọ́wọ́ ṣáàfù tó ń bọ̀ láti gíà bọ́ọ̀sì. Ńlá, tí wọ́n ń pè ní kíráúnù, ló ń yí táyà. Bí ńlá bá ní eyín 43, tí kékeré ní 12, pín in, yóò fún ọ ní 3.58: iye ìgbà tí ṣáàfù gbọ́dọ̀ yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Bí iye yìí bá ṣe kéré tó ni ọkọ̀ á ṣe máa sáré pẹ̀lú ìrọ̀rùn tó, tí díísù tó ń jó á sì dínkù. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni agbára tó dé táyà á ṣe pọ̀ tó, eré á sì dínkù. Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ ológeere gun òkè rí mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀, kódà bí kò bá mọ̀ ọ́n lórí.

Bàbá ní ohun méjì wà tí òun lè rí fún mi ní ọjà Panteka ní Kaduna, tí ihò bóòtù rẹ̀ àti orí ásùlù rẹ̀ yóò bá tèmi mu. Ọ̀kan ní 43 sí 11, ìyẹn 3.91. Èkejì ní 43 sí 10, ìyẹn 4.3. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Hilux tèmi kì í ṣe èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, díífù iwájú náà gbọ́dọ̀ yí padà, kó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ lórí ilẹ̀ líle, wọ́n á máa bá ara wọn jà títí nǹkan á fi kán. Ìlọ́po méjì owó nìyẹn ìbá jẹ́.

Àbúrò mi kan wà ní Houston tó ń fi píkọ́ọ̀pù fa tírélà tí wọ́n ń to ọkọ̀ sí, láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ram oní-díísù tó ní ẹ́ńjìnnì Cummins ni tirẹ̀. Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi gbogbo òru jà lé lórí níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ tuntun á yàn án bí ẹni ń yan ọ̀dà: Ram ní 3.42, 3.73 àti 4.10, àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá ti Ford ní 3.31, 3.55 àti 4.30. Iye ẹrù tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí pé kí ọkọ̀ kan náà fà máa ń yí padà nítorí èyí tí o bá yàn. Ó ní díísù yàtọ̀ sí pẹtiróòlù, agbára ìfà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ké, nítorí náà kò nílò kí díífù ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bí ẹrù ṣe wúwo tó. Ó bi mí bí òkè ṣe ga tó, bí ọkọ̀ ṣe máa ń rìn lófìfo sí, irú táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe ìṣirò, ó ní, “Sista mi, ẹ mú 3.91. Èyí tó kù ti pọ̀ jù fún yín.”

Mẹkáníìkì náà sọ ohun kan náà. Ó ṣàlàyé fún mi pé táyà irú tèmi ń gbé ọkọ̀ lọ ní mítà méjì lé díẹ̀, nǹkan bíi 2.3, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ní gíà kẹrin tí gíà bọ́ọ̀sì kò fi kún un tí kò yọ nínú rẹ̀, díífù àtijọ́ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ní nǹkan bíi 2,600 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú 3.91, á tó 2,830. Pẹ̀lú 4.3, á lé ní 3,100. Ó ní ẹ́ńjìnnì díísù kékeré tó bá ń lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, wàá mọ̀ pé o jókòó sórí rẹ̀: ariwo, gbígbọ̀n, epo.

Gbogbo ìṣirò wọn péye. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì bi mí nípa ẹrù, wọ́n bi mí nípa òkè, kò sí èyí tó bi mí ta ni yóò di ìdarí ọkọ̀ mú. Kò yà mí lẹ́nu: àbúrò mi ló ń wa tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi kì í wa tèmi lọ sí Saminaka. Ọmọkùnrin méjì ni mo gbà síṣẹ́, wọ́n ń pín in wà, àwọn méjèèjì kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àwọn méjèèjì sì gbà pé Hilux ni wọ́n fi dá àwọn láyé.

Mo ti tẹ̀ lé wọn rí nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí eré bá ti kọjá àyè kan, ẹ̀rọ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti ń gba ojú ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Ohun tí kò ní bùrékì, tí ó sì wúwo lókè, eré ló ń sọ ọ́ di ẹranko, kì í ṣe òkè. Lórí òkè, ìyà tó lè jẹ mí kò ju kí ọkọ̀ falẹ̀, kí kúlọ́ọ̀ṣì jó. Lórí ibi tó tẹ́jú, tó sì dán láàárín Pambegua sí Zaria, pẹ̀lú orin nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rí òkú nínú ọkàn mi.

Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú, Màmá.” Mo ní màá fi ẹ̀rọ tí ń dín eré kù sí i, irú èyí tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé àwọn ọkọ̀ akérò lọ́wọ́ ní February 2017. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ̀rín yẹn ń sọ: rìwáyà kan tó mọ wáyà tí wọ́n ń gé kò jìnnà síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ta ló lè gé wáyà eyín díífù? Mo ní kí bàbá wá 4.3 fún mi.

Ó wò mí. Ó ní, “Hajiya, ọkọ̀ yìí kò ní sáré mọ́.” Mo ní mo gbọ́. Ó tún ní epo á lọ sókè. Mo ní èmi ni mo ń rà á. Kò bi mí mọ́.

Nígbà tó parí, ohun tó burú jù nínú ẹ̀rí mi ṣẹlẹ̀, ojú mi kedere ni mo sì fi ṣe é. Bàbá ní aago tó ń ka eré nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní sọ òótọ́ mọ́. Irú ọkọ̀ tèmi, ara gíà bọ́ọ̀sì ni wáyà aago ti ń gba ìròyìn, ìyẹn ṣáájú díífù. Kò mọ̀ pé díífù ti yí padà. 4.3 fi ìdá kan nínú márùn-ún ju 3.58 lọ, nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń lọ ní 83, aago á kọ 100. Ó ní gíà kékeré onírọ́bà kan wà tí òun lè pààrọ̀ kí aago lè padà sójú ọ̀nà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó ń bá ṣòwò láti ọdún yìí wá.

Báyìí ni mo ṣe fi ọkọ̀ tó ń purọ́ lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé a ti ṣe ìdí rẹ̀ kó lè máa gun òkè. Wọ́n gùn ún, inú wọn dùn. Ó ń jáde nínú iyanrìn ní gíà kìíní láìsí òórùn kúlọ́ọ̀ṣì, ó ń gbé ẹrù kọjá Jengre ní gíà kẹta. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Jos, tí wọ́n bá mú ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bùrékì ń sinmi. Lórí títì, wọ́n á wo aago, á kọ 110, ẹ́ńjìnnì á máa ké, wọ́n á rò pé àwọn ń fò. Kò tó 92. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn kò ju ìdí mọ́. Ọ̀kan wá bẹ̀ mí pé kí n ra táyà ńlá fún un, pé yóò bá ọkọ̀ náà mu. Mo mọ̀ pé táyà gíga á gba díẹ̀ nínú ohun tí mo fi díífù mú padà lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sówó.

Ìwé ìṣirò mi náà wá di ẹ̀fẹ̀. Díísù tí a ń jó lọ sókè díẹ̀ ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, bí bàbá ti sọ, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ lófìfo. Ṣùgbọ́n aago tó ń ka kìlómítà náà ti ń bù sí i, nítorí náà, bí a bá fi kìlómítà pín epo, ńṣe ló dàbí pé epo tí ọkọ̀ ń jó ti dínkù. Awakọ̀ mi kan ń fi èyí yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun kan náà ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣe tiwọn lọ́dọ̀ bàbá Kwangila. Owó olówó ni wọ́n ná, mo sì dákẹ́.

Ohun kan wà tó gba oorun lójú mi gan-an, kì í ṣe irọ́ aago. Àwọn ọ̀nà wa wọ̀nyí, gbogbo ayé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí wọn. Àwọn ajínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré ni ààbò: kọjá kíá, má dúró, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ. Èmi wá mú ìdá kan nínú mẹ́fà eré kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ láìsọ fún un. Bí wọ́n bá lé e ńkọ́? Bí ó bá tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ ńkọ́, tó gbà pé 130 lòun ń sá? Mo máa ń dá ara mi lóhùn pé ẹni tó so ẹ̀rọ aláìníbùrékì mọ́ ìdí kò lè sá fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀, kòtò ló máa sá sí. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mo yí gbogbo ètò iṣẹ́ padà nítorí rẹ̀: aago mẹ́ta ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá wọn lóko mọ́, bó ti wù kí àgbàdo tó kù pọ̀ tó. Àwọn àgbẹ̀ kan bínú, wọ́n lọ gba ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Mo pàdánù wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Tudun Wada, wọlé wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan tó ti Kaduna dé. Kò jókòó. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti fa ọ̀nà Kaduna gùn ni?”

Mo ní báwo.

Ó ní ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 80, aago ọkọ̀ ń kọ ọ́ ní 96.

Mo ní kó jẹun kí àmàlà má tutù. Ó jẹun. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Fóònù òun ń ka eré tó yàtọ̀ sí ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo retí pé kó bínú. Ohun tó sọ ni pé òun kò sọ fún èkejì òun, kí èmi náà má sì sọ fún un. Ó ní bí èkejì bá ń wà á, òun ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí òun kò gbàdúrà kí wọ́n tó kọjá Pambegua, títí di ìgbà tí wọ́n ṣe ìdí ọkọ̀ náà. Ó bi mí bóyá èyí tó tún lágbára ju 4.3 wà lọ́jà. Mo ní ó wà, 41 sí 9, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Jos á ti kọ̀ mí sílẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní báyìí mo fẹ́ ra ọkọ̀ kejì. Èyí tí mo rí jẹ́ ti àìpẹ́ yìí, ó ní ABS, ara táyà gan-an ni aago rẹ̀ ti ń ka eré. Bàbá Kwangila ti bá mi wò ó. Ó ní a lè ṣe ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n aago á máa sọ òótọ́. Nítorí náà, 3.91 ni màá fi sí i, kí epo má jẹ mí run, awakọ̀ ni màá wá dáadáa. Mo ti rí bàbá kan tó ti wa tirélà lọ sí Maiduguri àti Port Harcourt fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ní ojú òun kò gba alẹ́ mọ́, tó sì fẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Owó tí mo ń san fún àwọn ọmọ yẹn, ó ní òun kò lè gbà á. Ìlọ́po méjì ló pè. Mo dá ìlàjì lé e, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún padà wá lọ́jọ́ Thursday.